Lítà mélòó gan-an ló wà nínú ike yẹn? Bí wọ́n ṣe ń wọn omi hydroponics inú ilé

Wọ́n á kọ ọ́ sára ike pé lítà 60 ni, ẹni tó fẹ́ fi gbin nǹkan sínú omi á gba nọ́ńbà yẹn gbọ́, òun náà ló máa fi ṣírò oúnjẹ ọ̀gbìn tó máa dà sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ torí nọ́ńbà ara ike kì í ṣe iye omi tó wà nínú ẹ̀. Dé etí pátápátá ni àwọn tó ṣe ike máa ń wọ̀n ọ́n dé, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sẹ́ni tó ń rọ omi hydroponics dé etí, ìdérí fẹ́ àyè, ife oníhò tó gbé ọ̀gbìn dúró máa wọlé díẹ̀, pọ́ǹpù náà gba àyè tiẹ̀. Ká ní lítà 42 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí wọ́n wá da oúnjẹ lítà 60 sí i, oúnjẹ yẹn ti fi nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ki ju bó ṣe yẹ lọ. Tòmátì tó ti dàgbà lè fara dà á, àmọ́ ọmọ létúùsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì mẹ́ta, ṣóńṣó ewé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, olówó ẹ̀ á sì máa wá kòkòrò kiri.

Ọ̀nà tó dájú jù lọ láti mọ iye omi náà ló rọrùn jù: ẹ fi nǹkan tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ẹ̀ rọ ọ́ sínú ẹ̀. Ìgò lítà kan, jọ́ọ̀gì tó ní ìlà lára, èyíkéyìí ṣá. Tí ìwọ̀n kílò bá wà nílé náà ó dáa, lítà omi kan jẹ́ kílò kan, ẹ wọn bókẹ́ẹ̀tì lófìfo, ẹ rọ omi sí i kẹ́ ẹ tún un wọ̀n, ohun tó fi lé ni lítà yín. Tó bá ti di lítà 5 kẹ́ ẹ fi máákà fa ìlà sára ike, lítà 10 ìlà míì, bẹ́ẹ̀ lẹ máa bá a lọ dé òkè. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn máa ṣe é. Àmọ́ kí pọ́ǹpù àti òkúta tó ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi ti wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, torí wọ́n máa ń ti omi sókè, ìlà tẹ́ ẹ fà nígbà tí ike ṣófo á máa parọ́ fún yín tí wọ́n bá ti wọlé.

Tí ike bá ti tóbi jù láti máa fi jọ́ọ̀gì rọ omi sí, ẹ mú téèpù. Fún èyí tó ní igun mẹ́rin, gígùn táìmsì fífẹ̀ táìmsì bí omi ṣe jìn tó, gbogbo ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ wá fi 1000 pín in. Ike tó gùn ní 50, tó fẹ̀ ní 35, tí omi inú ẹ̀ jìn ní 24, lítà 42 nìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n láti inú o, kì í ṣe láti ìta. Ohun tó wúlò jù nínú ìṣirò yìí ni iye tí sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo jẹ́: 50 táìmsì 35, ẹ fi 1000 pín in, ó jẹ́ lítà 1.75. Látìgbà yẹn lọ igi tín-ínrín kan ti tó, ẹ tì í bọnú omi, tó bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ sílẹ̀ ẹ ti mọ̀ pé lítà 7 ló lọ.

Bókẹ́ẹ̀tì roboto ní ọgbọ́n tiẹ̀ torí ìdí ẹ̀ sábà máa ń kéré ju ẹnu lọ. Ẹ wo bí ìdí ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bí ojú omi ṣe fẹ̀ tó, ẹ mú àárín méjèèjì. Tí ìdí bá jẹ́ 24 tí ojú omi jẹ́ 28, 26 ni àárín, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 13, nítorí náà 13 táìmsì 13 táìmsì 3.14, ẹ wá táìmsì ẹ̀ pẹ̀lú jíjìn omi, ká ní 30, kẹ́ ẹ fi 1000 pín in, ó máa sún mọ́ lítà 16. Kò péye tán, àmọ́ ó tó láti fi da oúnjẹ.

Ohun kékeré kan tó máa ń gba èèyàn lójú ni gálọ́ọ̀nù. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546, wọn kì í sì í sábà kọ èyí tí wọ́n ń sọ sára ìgò oúnjẹ ọ̀gbìn. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di lítà ẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo ètò ni omi ẹ̀ máa ń wà lójú kan. Èyí tí gbòǹgbò bọ́ sínú ike tààrà, tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lábẹ́, kò ní wàhálà, ohun tẹ́ ẹ rí náà ló wà níbẹ̀. Àmọ́ NFT, níbi tí omi tín-ínrín ti ń ṣàn gba inú páìpù kọjá lábẹ́ gbòǹgbò, tàbí èyí tí omi máa ń kún tíréè tí á tún fà padà sí ike, omi wọn pín sí ọ̀nà méjì nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wọn omi nígbà tí pọ́ǹpù wà lórí iṣẹ́ lónìí tó wá wọ̀n ọ́n nígbà tó ti dúró lọ́la máa rò pé omi pọ̀ sí i lóru. Ìgbà kan náà ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n, ó sì dáa jù kó jẹ́ ìgbà tí pọ́ǹpù kú tí gbogbo omi ti fà wálẹ̀ tán, torí ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa rí gbogbo ẹ̀ lójú.

Ẹ tún wò ó báyìí: ẹ tan pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí omi inú ike ò fi lọ sílẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 ló lọ sílẹ̀ nínú ike tí sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ lítà 1.75 yẹn, lítà 10.5 ló ń gbé nínú páìpù àti tíréè. Tí iná bá lọ, gbogbo lítà 10.5 yẹn ló ń bọ̀ wálé lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá ti rọ omi kún ike dé etí nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ pálọ̀ ló máa gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìlà méjì wà lára ike, ìlà òkè tí omi ò gbọ́dọ̀ kọjá tí pọ́ǹpù bá kú, àti ìlà ìsàlẹ̀ tí omi ò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ jù tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, torí pọ́ǹpù abẹ́ omi tó bá ń fa afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ jóná. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ náà, ẹ gbé e sókè ju ojú omi lọ tàbí kẹ́ ẹ fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí rọ́bà ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tí iná bá lọ omi lè gba inú rọ́bà yẹn fà jáde.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Omi ń lọ lójoojúmọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ọ̀gbìn mu gba ojú ewé jáde sínú afẹ́fẹ́ ni, àmọ́ bí omi ṣe ń lọ kọ́ ni oúnjẹ inú ẹ̀ ṣe ń lọ. Nígbà ooru ọ̀gbìn á mu omi gan-an á fi iyọ̀ oúnjẹ sílẹ̀, bí omi iyọ̀ tó ń gbẹ nínú ìkòkò lórí iná, kékeré ló ń kù, ó sì ń ki sí i. Torí náà nọ́ńbà EC, ìyẹn èyí tí mítà fi ń sọ bí iyọ̀ oúnjẹ inú omi ṣe pọ̀ tó, òun nìkan ò tó, ìlà omi nìkan ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ wo méjèèjì pọ̀. Tí omi bá lọ sílẹ̀ tí EC gòkè, omi lásán ni kẹ́ ẹ fi kún un. Tí omi bá lọ sílẹ̀ tí EC ò yí padà, ẹ fi omi tó ní oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ kún un. Tí EC bá wálẹ̀, ebi ń pa wọ́n, omi tó ki díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Lítà 42 ní EC 1.6, ẹ táìmsì ẹ̀, 67.2. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó ku lítà 30, mítà sọ pé 2.0, ìyẹn jẹ́ 60. Ẹni tó wo mítà nìkan á sọ pé oúnjẹ ti pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbìn ti jẹ 7.2 nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi omi lásán lítà 12 kún un padà, 60 tẹ́ ẹ fi 42 pín, EC á bọ́ sí nǹkan bí 1.43. Fún létúùsì tó máa ń gbádùn 0.8 sí 1.2, ẹ fi omi lásán kún un kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún tòmátì tó ń so èso, tó máa ń fẹ́ 2.0 sókè, á nílò oúnjẹ sí i. Omi ẹ̀rọ pàápàá ní EC tiẹ̀ o, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó pè é ní omi lásán.

Ètò kan wà tí fífi omi kún ún dé òkè lè ba nǹkan jẹ́, ìyẹn ti Kratky, tí kò lo pọ́ǹpù rárá. Bí omi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, gbòǹgbò òkè tó wà lójú afẹ́fẹ́ ló ń bá ọ̀gbìn mí, tẹ́ ẹ bá tún rọ omi bò wọ́n mọ́lẹ̀ ẹ ti fún un lọ́rùn. Tí omi bá fẹ́ tán pátápátá kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sí i nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi òkè sílẹ̀.

Omi púpọ̀ máa ń dárí jini ju omi kékeré lọ. Nínú lítà 5, òùngbẹ ọjọ́ kan ti lè yí EC àti pH (bí omi ṣe kan tó) padà, kí pH tó yẹ kó wà láàárín 5.5 sí 6.5 bọ́ síta, oòrùn ọ̀sán á sì tètè mú un gbóná. Omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ní 20°C lítà kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù ọ́síjìn 9, ní 30°C kò ju bíi 7.5 lọ, gbòǹgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Àmọ́ ẹ rántí pé kílò 42 ni lítà 42, kí tábìlì lè gbé e.

Àwọn tí kò fẹ́ máa ṣí ìdérí máa ń fi họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara sí ìdí ike kó dúró lóòró níta, ibi tí omi bá dé nínú ẹ̀ náà ló dé nínú ike. Ẹ fi nǹkan dúdú bò ó tẹ́ ẹ bá ti wò ó tán, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé, nǹkan gíríìnì tó ń yọ̀ á hù sínú ẹ̀. Àwọn míì á fi bọ́ọ̀lù tó léfòó sí i bíi ti táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń lo omi, kó máa fa omi wọlé fúnra ẹ̀. Ó dáa, àmọ́ kẹ́ ẹ má so ó mọ́ ẹ̀rọ omi tààrà. Bí ike bá ń jò kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, omi lásán á sì máa wọlé títí oúnjẹ á fi là. Ẹ so ó mọ́ bókẹ́ẹ̀tì kékeré lítà 10 kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé tó bá há kó má jáde ju lítà 10 lọ, bí bókẹ́ẹ̀tì yẹn sì ṣe ń tán lẹ ó fi mọ iye tí wọ́n ń mu lóòjọ́.

Ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ fi ń kún un sílẹ̀. Tí àròpọ̀ ẹ̀ bá ti tó iye omi tó wà nínú ike níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn lítà 42 nínú àpẹẹrẹ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da gbogbo ẹ̀ nù láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, torí iyọ̀ tí ọ̀gbìn ò jẹ ti ń ṣẹ́ jọ síbẹ̀, mítà EC ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti oúnjẹ. Omi àtijọ́ yẹn ṣì wúlò fún ọ̀gbìn orí ilẹ̀, ẹ bù omi díẹ̀ là á kẹ́ ẹ tó bomi rin wọ́n.