Ikú Àwọn Àpọ́sítélì: Èwo Ló Wà Nínú Bíbélì?

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12, ẹsẹ 2. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ máa bá níbẹ̀: Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, arákùnrin Jòhánù. A ò gbọ́ ohun tí Jákọ́bù wí kí wọ́n tó pa á, a ò gbọ́ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Pétérù tí wọ́n mú. Nínú àwọn 12 tí Jésù yàn, tí a bá yọ Júdásì sẹ́yìn, Jákọ́bù yìí nìkan ni Bíbélì ròyìn ikú rẹ̀.

Bí ọdún Àjíǹde bá sì ti ń sún mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan a máa lọ láti fóònù dé fóònù, a sì máa gba orí pẹpẹ kọjá: wọ́n kan Pétérù mọ́gi ní orí kodò, wọ́n bó Bátólómíù láwọ láàyè, wọ́n gún Tọ́másì lọ́kọ̀ ní Íńdíà, wọ́n ju Jòhánù sínú òróró tó ń hó. Wọn a fi í kún un pé Bíbélì ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi náà kà á fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 11, ní kí n jọ̀ọ́, ẹsẹ wo ni ti Bátólómíù wà kóun fàlà sí i. Mo ṣí Bíbélì síwá, mo ṣí i sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

Ti Pétérù ló yẹ ká fara balẹ̀ wò, torí ẹ̀rí tirẹ̀ lágbára ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ. Jòhánù orí 21 ní Jésù sọ fún un pé tó bá darúgbó, yóò na ọwọ́ rẹ̀, ẹlòmíì yóò sì mú un lọ síbi tí kò fẹ́. Òǹkọ̀wé náà ní irú ikú tí yóò kú ni Jésù ń sọ. Ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kìíní, ìjọ Róòmù kọ lẹ́tà sí ìjọ Kọ́ríńtì, èyí tí a mọ̀ sí lẹ́tà Clement. Ó ní Pétérù jìyà púpọ̀, ó jẹ́rìí, ó sì lọ sínú ògo tó tọ́ sí i. Kò mẹ́nu ba igi, áńbọ̀sì orí kodò.

Ìgbà tí ọ̀rúndún kejì ń parí lọ ni ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní Ìṣe Pétérù, ó sì yàtọ̀ sí Ìṣe tó wà nínú Bíbélì. Nínú ìwé yìí, ajá sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi kọ́ ojú fèrèsé sì padà lúwẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni Pétérù ti bẹ àwọn tó fẹ́ pa á pé kí wọ́n da orí òun kodò. Ẹ wá wo ìdí tó fi bẹ̀ wọ́n. Ohun tí a gbọ́ dàgbà ni pé ó ní òun ò yẹ lẹ́ni tó ń kú irú ikú Olúwa òun. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ló sọ lórí igi: pé orí ni ènìyàn àkọ́kọ́ fi ṣubú, látìgbà náà ni ayé ti dojú rú, tí ọ̀tún di òsì, tí òsì di ọ̀tún. Àwọn tó wá lẹ́yìn ni wọ́n fi "mi ò yẹ" kún un. Jerome, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 392. Kì í ṣe pé irú ikú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ o. Seneca, òǹkọ̀wé Róòmù tó gbé láyé nígbà Pétérù, sọ nípa àwọn tí wọ́n kàn mọ́gi ní orí kodò.

Ti Tọ́másì wá láti inú ìwé Ìṣe Tọ́másì, tí wọ́n kọ ní èdè Síríákì ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta. Wọ́n ta àpọ́sítélì náà lẹ́rú fún oníṣòwò kan tó mú un lọ sọ́dọ̀ ọba Gundaphorus ní Íńdíà. Níkẹyìn, ọba mìíràn ní kí àwọn ọmọ ogun gún un lọ́kọ̀ pa. Ọba Gundaphorus yìí kì í ṣe àlọ́, owó ẹyọ tó ní orúkọ rẹ̀ wà títí dòní. Àwọn Kristẹni Kerala, ní gúúsù Íńdíà, náà ò ṣiyèméjì pé Tọ́másì gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ní ọdún 52, ibojì tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ sì wà ní Mylapore, ní ìlú Chennai. Àmọ́ Heracleon, olùkọ́ kan ní ọ̀rúndún kejì tó kọ̀wé ṣáájú Ìṣe Tọ́másì, ka Tọ́másì, Mátíù àti Fílípì mọ́ àwọn tí kò jẹ́rìí níwájú aláṣẹ kankan. Clement ará Alẹkisáńdíríà, tó yàtọ̀ sí Clement tó ni lẹ́tà yẹn, ló fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìjọ ṣì kéré lọ́jọ́ orí, àwọn kan wà tí wọn ò mọ̀ pé wọ́n pa àwọn mẹ́ta yìí.

Ní ti Bátólómíù, ìtàn kan ní wọ́n bẹ́ ẹ lórí, òmíràn ní wọ́n kàn án mọ́gi, òmíràn ní wọ́n bó o láwọ. Èyí tó kẹ́yìn ló gbajúmọ̀ jù, Michelangelo, ayàwòrán, sì yà á bẹ́ẹ̀ sára ògiri ní Róòmù, tó parí ní 1541: àpọ́sítélì náà jókòó, ó mú awọ ara rẹ̀ dání bí aṣọ.

Ìtàn òróró tó ń hó wá láti ọwọ́ Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan ní Àríwá Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 200. Òun náà ló sì kọ ọ́ pé òróró náà kò ran Jòhánù. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù kan tó gbọ́ ọ̀rọ̀ nígbà èwe rẹ̀ lẹ́nu Polycarp, ẹni tí wọ́n ní ó mọ Jòhánù fúnra rẹ̀, ní Jòhánù wà láàyè ní Éfésù títí di ìgbà ìjọba Trajan, ọba Róòmù tó gorí oyè ní ọdún 98. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, arúgbó ni Jòhánù kó tó kú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ṣe òpó ìgbàgbọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. A ní àpọ́sítélì 11 ni wọ́n pa, ta ló máa kú nítorí irọ́? Ọ̀dọ́ náà á gbé fóònù rẹ̀, á wádìí, á rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ẹ̀rí tó dúró, á sì rò pé bí gbogbo ohun tí a kọ́ òun ṣe rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ti Jákọ́bù dúró digbí, ti Pétérù àti Pọ́ọ̀lù náà ní ẹlẹ́rìí tó ti pẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo padà sọ́dọ̀ ọmọ ọdún 11 yẹn, mo sọ fún un pé kò sí ẹsẹ tó máa fàlà sí fún Bátólómíù. Ó ní, ti Pọ́ọ̀lù ńkọ́? A jọ ṣí ẹsẹ méjì tó kẹ́yìn ìwé Ìṣe. Pọ́ọ̀lù wà láàyè níbẹ̀, nínú ilé tó háyà ní Róòmù, ó ń gba gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀.