Iṣẹ́ ìrànwọ́ òwò ní Iléṣà

Iṣẹ́ ìrànwọ́ òwò ni àwọn iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ọjà rìn láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é dé ọwọ́ ẹni tó rà á: ẹrù kíkó, owó gbígbà àti fífi owó ránṣẹ́, ìwé ìṣirò, ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti àwìn.

Ní Iléṣà, ìlú Ọwá Obòkun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwìn ló lókìkí jù nínú wọn. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló ń kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí dé abúlé tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Oníbàárà á mú aṣọ, á sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò yọjú, òṣómàáló á lóṣòó sílé onígbèsè, ó di ìgbà tó bá gbowó kó tó dìde. Ìlóṣòó yìí làwọn ènìyàn máa ń fi ṣe ẹ̀rín, àmọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹnì kan ṣoṣo ń ṣe níbẹ̀: ó ń gbé ọjà lọ bá oníbàárà, ó ń yá a lówó, gbèsè tí kò bá sì wọlé, ọrùn rẹ̀ ló wà.

International Breweries, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, bẹ̀rẹ̀ sí pọn bíà ní Iléṣà ní 1978. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dá ṣe é láìsí awakọ̀ akẹ́rù, onídẹ́pò, ẹ̀ṣọ́ àti oníṣirò owó.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Oní-POS ló sún mọ́ ará ọjà jù báyìí. Ní 2013 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà iṣẹ́ aṣojú báńkì, irú èyí tí oní-POS ń ṣe, jáde. Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ọ̀dọ̀ àwọn oní-POS ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ, owó iṣẹ́ wọn náà sì gbẹ́nu sókè. Wàhálà tó wọ́pọ̀ ni kí báńkì yọ owó oníbàárà, kó má sì wọlé sọ́dọ̀ oní-POS. Oníbàárà kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ; ojú oní-POS ló mọ̀, òun náà ló sì máa bá jà. Èyí tó mọṣẹ́ kì í ka owó sílẹ̀ títí àlẹ́ẹ̀tì á fi wọlé. Bí kò bá wọlé, á fa bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde lé oníbàárà lọ́wọ́, torí déètì, aago àti nọ́ńbà tó wà lára bébà náà ni báńkì máa fi tọpasẹ̀ owó náà.