Ẹ yé po serum peptide mọ́ ìpara ìbóra

Àṣà tó gbòde báyìí ni kí èèyàn ra serum peptide, omi ìtọ́jú awọ tó ní peptide nínú, kó dà á sínú ike ìpara, kó fún tíúbù ìpara ìbóra méjì mẹ́ta lé e, kó rò ó pọ̀. Àwọn tó ń po ìpara lọ́jà ló ń kọ́ wọn. Tó bá di oṣù mẹ́ta, wọ́n á ní peptide ò ṣiṣẹ́.

Àrokò ni peptide: amino acid, èròjà tí a fi ń kọ́ protein, mélòó kan tó so pọ̀. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, tí oòrùn sì ń pa awọ, collagen, protein tó gbé e ró, á máa já. Bí fibroblast, sẹ́ẹ̀lì tó ń hun collagen, bá rí àjákù rẹ̀, ó mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Irú àjákù bẹ́ẹ̀ ni Matrixyl: amino acid 5 péré. Ohun tó bá ti ju 500 Dalton (ìwọ̀n tí a fi ń wọn èròjà tíntìntín) lọ kì í rọrùn fún awọ láti gbà wọlé. Matrixyl tó 800 pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ọn, ọ̀rá yẹn ló sì ń jẹ́ kó ráyè kọjá. Collagen odidi tó 300,000. Ìpara "collagen" kàn ń mú ojú awọ rọ̀ ni.

Ẹ má bẹ̀rù bí orúkọ peptide bá wà nísàlẹ̀ ìwé ara ìgò, níbi tí wọ́n ń kọ èròjà tó kéré sí. Ìwọ̀n 3 nínú mílíọ̀nù ni wọ́n fi dán Matrixyl wò fún ọ̀sẹ̀ 12. Àmọ́ bí ẹ bá da 30 ml sínú ìpara 500 ml, ó ti di ìdá 1 nínú 18. Kí ló kù níbẹ̀?

Ti GHK-Cu, peptide tó gbé bàbà dání, ẹ má fi í lé Vitamin C lórí. Kíkan Vitamin C á tú bàbà náà sílẹ̀, bàbà á sì ba Vitamin C jẹ́. Ọ̀kan láàárọ̀, ìkejì lálẹ́.

Ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tó ṣì tutù díẹ̀, ni kẹ́ ẹ kán serum sí, ẹ̀kán 2 tàbí 3, kí ìpara tó tẹ̀ lé e. Láàárọ̀, sunscreen SPF 30 tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì, fún ojú àti ọrùn.

Àwọn tíúbù yẹn gan-an ló ń bí wa nínú. Clobetasol 0.05% ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Oògùn steroid tó lágbára gan-an ni, dókítà kì í sì í fẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 2 lára aláìsàn. Ohun tó ń sọ fún fibroblast ni pé kó dáwọ́ dúró. Peptide ní hun, clobetasol ní má hun, clobetasol ló sì lágbára jù. Awọ á fẹ́lẹ́, iṣan á hàn, ara á là fàràfàrà, ọgbẹ́ ò ní tètè jinná. Bí wọ́n bá fẹ́ rán ojú iṣẹ́ abẹ, òwú á máa fa awọ ya. Iṣẹ́ tí a ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni pípo ìpara, kì í ṣe iṣẹ́ ṣíbí ìdáná.

Ẹni tó bá ti ń lo clobetasol tipẹ́, kó má jáwọ́ lójijì, nítorí ojú á pọ́n, á wú, á máa ta bí iná. Dókítà awọ ni kó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni peptide tó lè ráyè ṣiṣẹ́.