Fáànù Kílọ́ọ̀ṣì Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Jó Pọ̀

Láàárín oṣù kan ṣoṣo, ọkọ̀ HiAce àtijọ́ mẹ́ta ni wọ́n fà wá sí ìsọ̀ mi nílùú Ìbàdàn pẹ̀lú àrùn kan náà. Bí wọ́n bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road, ọwọ́ géèjì ooru ẹ́ńjìnì á máa gòkè. Bí ọ̀nà bá là tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á tún rọra sọ̀kalẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pààrọ̀ rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnì ti ń tutù, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀kan nínú wọn sì ti pa ajá fún Ògún. N kò bá Ògún ṣọ̀tá, nítorí irin rẹ̀ ni mo ń fi ọwọ́ dì mú láti àárọ̀ di alẹ́, àmọ́ òróró tó ti jò tán nínú fáànù kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn irin tó ń so fáànù rédíétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, kò ní tìtorí ẹ̀jẹ̀ ajá padà sínú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Ìgbà tó bá dúró ni fáànù ní iṣẹ́ ṣe. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró, tó sì ń tutù lórí eré, fáànù rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ rédíétọ̀ ló dí, orí eré gan-an ni ìbá ti máa dà yín láàmú.

Kílọ́ọ̀ṣì yìí rí pẹlẹbẹ, ó sì wà láàárín fáànù àti wọ́tà pọ́ǹpù tó ń ti omi yí inú ẹ́ńjìnì ká. Òróró sílíkónì tó ki ló wà nínú rẹ̀. Ní ojú rẹ̀, ẹ ó rí sípíríǹgì tó ká bí ìkarahun ìgbín, tí wọ́n fi oríṣi irin méjì lẹ̀ mọ́ra wọn ṣe. Bí ooru rédíétọ̀ bá fẹ́ lù ú, á yí, á ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan nínú, òróró á sì ṣàn wọ inú àwọn ihò tóóró tí yóò ti so fáànù mọ́ pọ́ǹpù. Bí ó bá tutù, òróró á padà sí ààyè rẹ̀, fáànù á sì máa yí wọ́ọ́rọ́ láì jẹ epo lásán. Ẹni tó bá ń bu òróró ẹ́ńjìnì sínú rẹ̀ ń tan yín ni, nítorí òróró ẹ́ńjìnì máa ń ṣàn bí omi bí ó bá ti gbóná, sílíkónì kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù. Bí ó bá ń yí lọ bí táyà tí ọmọdé ń gbá, òróró ti tán. Bí ó bá ń mì síwá sẹ́yìn, bẹ́árìn ti lọ. Yíyọ rẹ̀ kò le: ẹ gbé ìjókòó iwájú sókè, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ sì dẹ nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó so ó mọ́ pọ́ǹpù nígbà tí bẹ́líìtì ṣì le, nítorí bẹ́líìtì ni yóò bá yín di pọ́lì, irin róbótó tí bẹ́líìtì ń yí, mú. Bí ẹ bá ń ra tòkúnbọ̀ ní Gate, ẹ má gba èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sílẹ̀ bí àwo. Ìnàró ni à ń tọ́jú rẹ̀, bó ṣe ń wà lára ọkọ̀, kí òróró rẹ̀ má baà jò.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń gbé kílọ́ọ̀ṣì lọ sọ́dọ̀ ajórin pé kó bá wọn jó o pọ̀, kí fáànù lè máa yí nígbà gbogbo. Kílọ́ọ̀ṣì tó pé máa ń jẹ́ kí fáànù fà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré jù. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ kò mọ ìyẹn. Bí pọ́ǹpù bá yí ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, iye náà ni fáànù oníke yóò yí.

Ní ọdún tó kọjá, awakọ̀ kan tó ń ná Ọ̀yọ́ ṣe irú rẹ̀. Ó ti kọjá Akínyẹlé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ tírélà kan kọjá, ni ó gbọ́ ìró gbàmù lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ó ní èrò kún ọkọ̀, Fìdítì kò sì jìnnà mọ́, ló bá ń wà á lọ. Nígbà tí a gbé ìjókòó sókè, bíléèdì fáànù kan tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi ló gún sínú rédíétọ̀ tuntun tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì, igi wọ́tà pọ́ǹpù sì ń mì bí eyín arúgbó. A tú orí ẹ́ńjìnì, mo gbé irin tó gún régé lé e, ọmọ iṣẹ́ mi ṣẹ́ owó ogún náírà po sí méjì, ó sì tì í kọjá lábẹ́ irin náà láì fara kan nǹkan kan: ooru ti wọ́ orí ẹ́ńjìnì náà. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ajórin kò lè bá wa jó èyí náà ni?”

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fún un ní omi mu.