Dayton ni ìṣirò omíyalé fún ilé-iṣẹ́ iná núkílíà ti ṣẹ̀ wá

Ẹ bi èèyàn léèrè ìgbà tí àwọn ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò omíyalé fún ilé-iṣẹ́ iná núkílíà, Fukushima ní Jàpáàn lọ́dún 2011 ni ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ. Àwọn ará Faransé yóò ní Blayais ni, ilé-iṣẹ́ núkílíà wọn tí omi wọ̀ lọ́dún 1999. Àbúrò ni àwọn méjèèjì. Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ni ẹ̀gbọ́n, lọ́dún 1913, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń fi uranium gbé iná jáde.

Ní oṣù Kẹta ọdún náà, òjò bí ìnṣì 8 sí 11 rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sórí ilẹ̀ tí kò lè mu omi mọ́. Odò Great Miami gun orí odi etídò kọjá, omi ga tó 20 ẹsẹ̀ bàtà láwọn ibì kan láàárín ìlú, ó sì pa èèyàn tó ju 300 lọ ní agbègbè náà. Àwọn ará Dayton ò dúró de ìjọba. Wọ́n dáwó, owó náà lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún ẹnjiníà kan, Arthur Morgan.

Ohun tí Morgan ṣe ni mo kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò béèrè iye ọdún tí irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kó tó padà wá. Ó béèrè bí èyí tó pọ̀ jù tó lè wá ṣe lè pọ̀ tó. Ó ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn òjò ńlá tó ti rọ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà jọ. Lẹ́yìn náà ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé omi ọdún 1913, ó tún fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Dáàmù márùn-ún ló ti ibẹ̀ jáde, wọ́n parí wọn lọ́dún 1922. Ihò wà nísàlẹ̀ wọn, kò nílẹ̀kùn, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò gbàgbé láti ṣí i. Àwọn àgbẹ̀ ṣì ń dáko lórí àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn dáàmù, àfi nígbà tí omi bá kún.

Lọ́dún 1933, Morgan yìí kan náà di alága àkọ́kọ́ fún TVA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó wá kọ́ ilé-iṣẹ́ núkílíà Browns Ferry sí etí odò Tennessee. ANSI/ANS-2.8 ti ọdún 1992, ìlànà Amẹ́ríkà fún ilé-iṣẹ́ núkílíà, ní kí a kọ́kọ́ ka òjò kan sílẹ̀ ṣáájú òjò tó pọ̀ jù lọ tó lè rọ̀: ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún òjò ńlá náà, tàbí òjò tí í rọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín 500 ọdún, èyí tó bá kéré jù. Lóòótọ́, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdá 40 yìí àti ti Dayton. Síbẹ̀, èmi ò gbà pé èèṣì ni.

Ìṣirò náà nìyí. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, òjò ńlá á tẹ̀ lé e sórí ilẹ̀ tó ti rin. A ó wo iye omi tó máa dé odò àti bó ṣe máa yára tó. A ó wo dáàmù òkè odò bóyá ó lè ya. A ó sì fi ìgbì tí atẹ́gùn ń rú lé e. Lọ́tọ̀ ni òjò tó bọ́ sínú ọgbà ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ó lè tó ìnṣì 19 ní wákàtí kan, a ó sì ka gbogbo gọ́tà sí èyí tó ti dí. Bí omi bá fi ìnṣì kan péré ga ju ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn lọ, ó wọlé nìyẹn.

Àwọn ẹnjiníà kan, bíi Allen Hazen àti Weston Fuller lọ́dún 1914, fẹ́ràn kí a ṣírò iye ọdún tí omi ńlá ń gbà kó tó padà wá, dípò bó ṣe lè pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ 100 ọdún kò lè sọ ti omi tí í wá lẹ́ẹ̀kan láàárín 10,000 ọdún. Ó tán.

Oṣù Karùn-ún 1977 ni Ààrẹ Carter fọwọ́ sí àṣẹ 11988 lórí àkùrọ̀ odò, oṣù mẹ́ta ṣáájú kí NRC, àjọ tó ń ṣàkóso iná núkílíà ní Amẹ́ríkà, tó tún ìlànà omíyalé rẹ̀, RG 1.59, tẹ̀ jáde. Àṣẹ náà ní kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ wádìí bóyá ibòmíràn wà tí kì í ṣe àkùrọ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n wọn ìpalára rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí a bá dà sí àkùrọ̀ láti gbé ilé-iṣẹ́ ga gba àyè omi, omi á sì lọ bá aládùúgbò. Nítorí náà ni a fi ń ṣírò gíga omi ṣáájú àti lẹ́yìn ìkọ́lé. Bó bá ga sí i, a ó gbẹ́ ilẹ̀ mìíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti yẹ̀pẹ̀ náà dọ́gba, ní gíga kan náà.

Blayais kọ́ wa pé gíga omi nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 1999, ìgbì gun odi tí kò ka ìgbì sí. Omi gba ihò wáyà àti páìpù wọ àjà ilẹ̀, ó sì rì méjì nínú àwọn pọ́ńpù mẹ́rin tí ń fa omi ìtutù fún ẹ̀rọ kìíní. Ní Fukushima, omi bí mítà 14 sí 15 dé ọgbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ga ní mítà 10, àjà ilẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ wà. Lọ́dún 2012, NRC ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tún ìṣirò wọn ṣe.

Ó kàn wá náà. Geregu, nítòsí Ajaokuta, wà lára ibi tí Nàìjíríà yàn fún ilé-iṣẹ́ núkílíà, ìsàlẹ̀ Lọ́kọ́ja ló sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò omi ibẹ̀ á ka dáàmù Kainji, Jebba àti Shiroro mọ́ ọn, á sì ka Lagdo ní Kamẹrúùnù pẹ̀lú.