Kíndìnrín ló ń ṣàìsàn, kí ló wá kan ilẹ̀kùn ọkàn?

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, a kì í pa á jẹ. Wọ́n wá yàwòrán ọkàn wọn, wọ́n ní ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ ti ń le. Ṣé ẹ̀rọ ló bà á jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ kọ́. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, iṣẹ́ wọn ni pé kí ẹ̀jẹ̀ tó ti kọjá má padà sẹ́yìn. Èyí tó sábà máa ń le ni aortic, tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde sí gbogbo ara. Awẹ́ mẹ́ta ló ní, wọ́n sì fẹ́lẹ́.

Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ló ń da fósífétì (èròjà kan tó ń bá oúnjẹ wọlé) tó pọ̀ jù sínú ìtọ̀, tọ̀sán-tòru, wákàtí 168 lọ́sẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣe wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta, wákàtí 12 péré nìyẹn. Èyí tí kò rí yọ á máa gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín yìí kan náà ló ń sọ fítámì D di ohun tí ara lè lò. Tí kò bá ṣe é mọ́, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, àwọn kókó kéékèèké mẹ́rin kan tó wà lọ́rùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ̀mù yọ nínú egungun. Kálísíọ̀mù yẹn àti fósífétì tó ti gbára jọ á wá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkàn. Egungun ń rù, ilẹ̀kùn ọkàn ń di egungun.

Àwọn kan ń fi í wé èérí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Ó jọ ọ́, àmọ́ kò tán síbẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn náà fúnra wọn ló ń yíwà padà, tí wọ́n ń ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì egungun. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé ha kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà níbẹ̀ tó ń gbá a létí lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí wọ́n má mu mílíìkì mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bi dókítà wọn. Èyí tí mo mọ̀ ni pé fósífétì tí iléeṣẹ́ ń fi sínú kóòkì àti ẹran inú agolo ń tètè wọra ju ti inú ẹ̀wà lọ. Oògùn tó ń gbá fósífétì mú nínú ikùn, ìdí oúnjẹ ni kí wọ́n ti lò ó. Tó bá di wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹran tó fẹ́ mú ti sá lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nọ́ọ̀sì ní omi ló pọ̀ lára wọn.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òótọ́, ibi tó sì ń dà wá rú nìyẹn, torí omi àti ilẹ̀kùn ń ṣe ẹni bákan náà. Àmọ́ èyí tó jẹ́ ti omi yẹ kó fúyẹ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ti fa omi tó yẹ kí wọ́n fà, tí bàbá ò sì lè gun àtẹ̀gùn, tàbí tí ìfúnpá wọn ń já wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tàbí tí wọ́n dákú, ẹ ní kí wọ́n tún yàwòrán ọkàn náà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ ló dáa jù fún un, torí omi púpọ̀ ń ba àwòrán jẹ́. Tí dókítà bá kàn gbọ́ ariwo ní àyà, ìyẹn nìkan ò tó: fístúlà apá, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ nítorí ẹ̀rọ, ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yára, ó sì lè pariwo lásán.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́. Tó bá jẹ́ rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ iṣan ọrùn ni wọ́n fi ń so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, tí ara wọn gbóná tàbí tí òtútù ń mú wọn, ẹ má ra oògùn ibà o. Kòkòrò lè gba ojú rọ́bà lọ bà lé ilẹ̀kùn ọkàn. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n lè pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà?

Ìdáhùn: Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ewu rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ ju ẹlòmíì lọ. Ti irin ń pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà. Warfarin fúnra rẹ̀ tún ń dí fítámì K lọ́wọ́, èyí tó ń lé kálísíọ̀mù kúrò níbi tí kò yẹ kó wà. Èyí tí wọ́n fi ẹran ara màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe (ẹni tí kò bá fẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, ti màlúù wà) kò nílò warfarin títí ayé, àmọ́ ó ń tètè le lára wọn. Láti 2002, tí dókítà ọkàn kan, Alain Cribier, ti ṣe é ní Rouen nílẹ̀ Faransé, wọ́n tún lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tì í wọlé láìla àyà.

Ìbéèrè: Tá a bá rí kíndìnrín tuntun fún wọn ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí tó ti le kì í sábà rọ̀ mọ́. Kí wọ́n yẹ ọkàn wò dáadáa kí wọ́n tó gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.