Nọ́ńbà Ara Báńgà: Bí Jámánì Ṣe Ń Dènà Fàyàwọ́ Báńgà

Nígbà tí ọdún tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn aṣọ́bodè Jámánì a máa dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Poland àti Czech dúró, wọn a sì máa tú búùtù wò bóyá báńgà, ìyẹn ohun tó ń dún gbàù tí wọ́n máa ń yìn nígbà ọdún, wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2004 tí orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ti wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni kò ti sí owó-bodè láàárín àwọn àti Jámánì mọ́, nítorí náà ìwọ̀nba ọkọ̀ ni wọ́n lè yẹ̀ wò. Nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára báńgà ni iṣẹ́ ọ̀hún dúró lé.

Bí a bá rí 0589-F2 tí nọ́ńbà mìíràn tẹ̀ lé e, 0589 ń fi hàn pé BAM, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe àyẹ̀wò ohun èlò ní Berlin, ló fọwọ́ sí i. F2 ń sọ ẹni tó lè lò ó, ìyẹn ẹni tó ti pé ọdún 18 ní Jámánì. F1 kò lágbára tó bẹ́ẹ̀; F4 jẹ́ ti àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan. F3 ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé báńgà tó bá ti ní CE, àmì ìfọwọ́sí ti Yúróòpù, ẹnikẹ́ni lè rà á wọlé. Èrò yìí léwu púpọ̀. CE kàn ń sọ pé báńgà náà bá ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ fún irú rẹ̀ mu ni, gẹ́gẹ́ bí oògùn ṣe lè jẹ́ ojúlówó síbẹ̀ kí ó pa ẹni tí dókítà kò kọ ọ́ fún. Ẹ̀tù dúdú ló ń dún nínú báńgà F2 tí wọ́n ń tà fún aráàlú ní Jámánì. Nínú ọ̀pọ̀ báńgà F3, lẹ́búlẹ́bú àlùmíníọ̀mù ni wọ́n pò mọ́ kẹ́míkà tó ń tú ọ́síjìn jáde, àdàlù yìí sì ń yára jó ju ẹ̀tù lọ débi pé ó lè gé ìka ẹni tó dì í mú.

Òfin Yúróòpù ti 2013 fàyè gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti ká títa F3 fún aráàlú lọ́wọ́ kò. Jámánì lo àyè yẹn, ó ní àfi ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ. Poland kò béèrè ju ọdún 18 lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra F3 ní Słubice, ìlú Poland tó wà lẹ́bàá bodè, kò rú òfin kankan, àfi ìgbà tó bá gbé e sọdá afárá odò Oder dé Frankfurt (Oder) ní Jámánì, níbi tí ó ti lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú nọ́ńbà yìí, nítorí aṣọ́bodè kò nílò láti tú báńgà kan ṣoṣo kí ó tó mọ ibi tí òfin fi í sí. Àmọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti ta báńgà náà tán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó máa ń kan aṣọ́bodè. Ìgbà tí Poland náà bá béèrè ìwé àṣẹ kí wọ́n tó ta F3 ni ẹrù tó ń sọdá afárá náà yóò tó dín kù.